Àgbò méjì, igbá omi kan

Ọmọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Kubwa lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ní kí n dá a lóhùn dáadáa, torí ó ti tó ẹni mẹ́ta mẹ́rin tó ti bi mí nírú ìbéèrè yìí. Ohun tó kọ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní Kaduna jọ ń ṣe kọ́míìkì. Mo ní àkítọ̀ tèmi àti bọ́ọ̀sì tèmi, òun náà ní tiẹ̀, a wá ní ká pa ìtàn méjèèjì pọ̀. Bọ́ọ̀sì tèmi ń jẹ́ Ọ̀gá Mítà, kò síná NEPA tí kò lè fà sára. Tiẹ̀ ń jẹ́ Sarkin Dare, ọba òru, ibi tókùnkùn bá wà lagbára ẹ̀ wà. A fẹ́ kí wọ́n jọ gbógun ti Àbújá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí mo bá ti kó wọn sínú yàrá kan, lójú ewé kẹta wọ́n ti ń jà. Tí mi ò bá sì jẹ́ kí wọ́n jà, wọ́n á dà bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe mítíǹgì. Ọ̀rẹ́ mi tún ní bọ́ọ̀sì tòun ò lè gbọ́ràn sí tèmi lẹ́nu láéláé. Báwo làwọn tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe é téèyàn fi ń gbà á gbọ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò bá wa dàgbà láyé fídíò kásẹ́ẹ̀tì, àkítọ̀ lẹni rere tí kì í kú, bọ́ọ̀sì ni ìkà tó máa ń jìyà lẹ́yìn. Bá a ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa pè wọ́n níbí.

Àbúrò mi, mo ti ka ojú ewé mẹ́rìnlá tó o fi ránṣẹ́. Inú mọ́tò ni mo ti kà á, láti Berger dé Gwarinpa, gosíló ọjọ́ yẹn sì jẹ́ kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Yíyà ẹ dáa. Ìjà ojú ewé kẹta yẹn gan-an dáa, ìjà kọ́ ni wàhálà ẹ. Wàhálà ẹ ni pé mi ò rí ohun tó gbé àwọn méjèèjì dé yàrá yẹn. Wọ́n kàn wọlé, wọ́n jókòó, ọ̀kan ní ká jọ gba ìlú yìí, èkejì ní ó dáa. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìwọ àti lándílọ́ọ̀dù ẹ ò lè sọ̀rọ̀ owó ilé kó rọrùn tó báyẹn.

Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mumi nínú igbá kan. Òótọ́ ni, wọ́n á kanrí. Ṣùgbọ́n tí òǹgbẹ bá ń gbẹ àwọn méjèèjì dáadáa, tí igbá sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á mu ún ná, wọ́n á kàn máa wo ìwo ara wọn ni. Wíwò yẹn lòǹkàwé ń sanwó ẹ̀. Ìwọ fo òǹgbẹ, o fo wíwò, o bọ́ sórí ìkanrí tààrà.

O rántí àlọ́ Ìjàpá àti Ajá tí wọ́n lọ jí iṣu lóko olóko? Mi ò tíì rí ìtàn aṣebi méjì tó dáa tó yẹn, mo sì ti ka púpọ̀. Ebi ń pa wọ́n, òǹgbẹ nìyẹn. Ajá mú ìwọ̀n tó lè gbé sáré, Ìjàpá dirù bí ẹni tó ń kó ọjà lọ Dei-Dei, kò wá lè rìn mọ́. Ló bá ń kọrin sí Ajá pé kó wá ran òun lẹ́rù, tí kò bá ràn án, òun á ké sólóko. Ṣó o rí i, kò fi ọ̀rẹ́ bẹ̀ ẹ́ rárá. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan lè tú àṣírí èkejì. Nígbà tí olóko wá mú Ìjàpá, tí Ìjàpá dárúkọ Ajá, Ajá ti dáná sílé, ó ti fi ẹyin sẹ́nu, ó dùbúlẹ̀ ó ń gbọ̀n, bí wọ́n ṣe wọlé ló fọ́ ẹyin yẹn, ó ní látàárọ̀ lòun ti ń bì. Àlọ́ tí ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún! Ohun tó kó wọn jọ wà níbẹ̀, ohun tó dè wọ́n mọ́ra wà níbẹ̀, ohun tó tú wọn ká náà wà níbẹ̀, ìwà wọn gan-an ló sì tú wọn ká, ojúkòkòrò ẹnì kan àti ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ẹnì kejì. Apàlọ́ ò tì wọ́n jà.

Ó dáa, ká lọ sí Amẹ́ríkà tó o béèrè. Ilé iṣẹ́ méjì tó tóbi jù nídìí iṣẹ́ yìí ni DC àti Marvel, orogún sì ni wọ́n. Ọdún 1976 ni wọ́n gbé Superman tó jẹ́ ti DC àti Spider-Man tó jẹ́ ti Marvel sínú ìwé kan náà, ìwé gbàǹgbà tí wọ́n tà ní dọ́là méjì. Gerry Conway ló kọ ọ́, Ross Andru ló yà á. Bọ́ọ̀sì tí Superman gbé wá ni Lex Luthor, ti Spider-Man ni Doctor Octopus, ọkùnrin tó ní apá irin mẹ́rin lẹ́yìn.

Wo bí wọ́n ṣe kó wọn jọ. Àkítọ̀ kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ na bọ́ọ̀sì tiẹ̀, wọ́n sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n kan náà. Ó parí! Onísáyẹ́ǹsì ni àwọn méjèèjì, kálukú gbà pé kò sírú òun láyé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹyà tán, wọ́n sì fẹ́ jáde. Kò sẹ́ni tó máa jókòó ṣàlàyé fún ẹ ìdí tí wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn ni igbá omi. Tó o bá jẹ́ kí Ọ̀gá Mítà àti Sarkin Dare pàdé níbi tíyà ti ń jẹ àwọn méjèèjì, ìdajì iṣẹ́ ẹ ti tán.

Ibi tí tiwọn ti wá fọ́ ló dùn jù. Luthor ń lo ẹ̀rọ kan lókè ọ̀run láti dá ìjì sílẹ̀ láyé. Spider-Man wá jẹ́ kó yé Octopus pé ilé tìẹ náà mà wà láyé yìí o, bí ayé bá bàjẹ́, níbo ni wàá lọ? Octopus fúnra ẹ̀ ló yíjú padà tó fọ́ ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe pé ó ronú pìwà dà, kò yọ́nú rárá. Olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ló ti máa fọn ọ́n? Octopus fẹ́ káyé mọ̀ pé òun lọ̀gá, tí ò bá wá sáyé mọ́, ta ló fẹ́ ṣọ̀gá fún? Àwọn méjèèjì jọ ń rìn lójú ọ̀nà kan láti ojú ewé àkọ́kọ́, ibi tí kálukú ń lọ ló yàtọ̀, wọn ò kàn bi ara wọn ni.

Jẹ́ kí n sọ tèmi kan fún ẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àbújá, yàrá kan péré ni mo ní ní Nyanya, èmi àti ìyá kan tó wà nílé kejì wá dáwó ra jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I-pass-my-neighbour, ẹ wo orúkọ o, àwa méjèèjì tá a jẹ́ neighbour la jọ ni ín. Iná làwa méjèèjì ń wá, a ò rí nǹkan jà sí fún oṣù kan gbáko. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ ẹ lọ́sàn-án kó lè máa gbowó ṣájì fóònù lọ́wọ́ aráàdúgbò, èmi fẹ́ ẹ lálẹ́ kí n lè yàwòrán. Ta ló wá máa rapo? Ta ló máa pààrọ̀ pọ́ọ̀gì? Ó ní èmi ni mò ń lò ó pẹ́, mo ní òun ló ń rí owó nídìí ẹ̀. Síbẹ̀ a ṣì ń bá a yí. Alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ní ojú ewé mẹ́fà láti parí kílẹ̀ tó mọ́, mo jáde, jẹnẹrétọ̀ ò sí ńbẹ̀. Ó ti yá àbúrò ẹ̀ ní Mararaba lò fún ìkómọ, kò sọ fún mi. Lójú tiẹ̀, ó ṣèrànwọ́ fún ẹbí, kí ló tún burú ńbẹ̀? Lójú tèmi, kéèyàn gbé nǹkan mi láìbi mí ni nǹkan kan ṣoṣo tí mi ò lè gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyá mi gan-an mọ̀. Ọjọ́ yẹn la pín. Obìnrin yẹn ò burú o, títí di òní mo ṣì ń kí i.

Èèwọ̀ nìyẹn. Èèwọ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó o mú lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí. Ìkà èèyàn náà ní nǹkan tí wọn kì í jẹ nílé wọn. Kì í ṣe pé ó ní ọkàn rere níbi kan, rárá o, àwọn òǹkọ̀wé ọ̀dọ́ máa ń ṣi èyí mú, wọ́n á ní kí bọ́ọ̀sì fẹ́ràn ọmọdé tàbí kó máa bọ́ ológbò. Èèwọ̀ ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú oore. Ohun tó kàn jẹ́ ni pé tí wọ́n bá sè é sọ́bẹ̀, inú ẹ̀ á rú. Aṣebi kejì ni kó o wá jẹ́ kó sè é sọ́bẹ̀ yẹn láìmọ̀, torí ní ilé tiẹ̀ oúnjẹ ojoojúmọ́ ni.

Ọdún 1996, John Byrne ṣe ìwé kan tí Batman, àkítọ̀ DC, àti Captain America, àkítọ̀ Marvel, ti pàdé lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Joker tó jẹ́ bọ́ọ̀sì Batman bá Red Skull tó jẹ́ bọ́ọ̀sì Captain America ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Joker, ẹni tó lè pa odidi àdúgbò torí kó lè rẹ́rìn-ín! Nígbà tó wá yé e pé Nazi, ọmọ ẹgbẹ́ Hitler, pọ́nńbélé lọ̀gbẹ́ni tóun ń bá ṣiṣẹ́, ó yarí. Ó ní òun lè jẹ́ wèrè, òun lè jẹ́ ọ̀daràn, wèrè ọmọ Amẹ́ríkà ṣì lòun. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ara mi wá bù máṣọ lẹ́yìn ẹ̀, torí mo gbà á gbọ́.

Ti Magneto, bọ́ọ̀sì Marvel kan, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 1989 sí 1990, Marvel ṣe ìtàn kan tí wọ́n pè ní Acts of Vengeance. Loki para dà, ó kó àwọn bọ́ọ̀sì ńlá jọ, Doctor Doom, Magneto, Kingpin, Mandarin, Wizard àti Red Skull yìí kan náà. Ọgbọ́n tó dá dáa gan-an, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀tá, kí àkítọ̀ kọ̀ọ̀kan bá bọ́ọ̀sì tí kò mọ ọwọ́ ìjà ẹ̀ pàdé. Ṣùgbọ́n àwọn wo ló kó jókòó sídìí tábìlì kan náà? Júù tó la Auschwitz, àgọ́ tí àwọn Nazi ti ń pa àwọn Júù, já ni Magneto, èèyàn Hitler ni Red Skull. Loki ò rí ohun tó burú ńbẹ̀, ọlọ́run ni, kí ló kàn án nínú ogun àwọn ọmọ aráyé. Magneto wá Skull lọ, nínú Captain America nọ́ńbà 367, ó bi í bóyá òun gan-an ni Skull ayé ọjọ́un, nígbà tó sì dá a lójú, ó sé e mọ́ abẹ́ ilẹ̀ láàyè pẹ̀lú omi díẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò sí ariwo púpọ̀, kò sí ìbúgbàù. Tó o bá rí ìwé yẹn, wo bí àwọn pánẹ́ẹ̀lì yẹn, àwọn àpótí àwòrán ojú ewé, ṣe dákẹ́ tó.

Èèwọ̀ kì í sì í fìgbà gbogbo wúwo tó báyẹn. Joker àti Carnage tó jẹ́ bọ́ọ̀sì Spider-Man pàdé lọ́dún 1995 nínú ìwé Spider-Man àti Batman kan tí J.M. DeMatteis kọ, apààyàn làwọn méjèèjì, o lè rò pé wọ́n á mọwọ́ ara wọn. Carnage fẹ́ kí wọ́n kàn máa pa èèyàn lọ, kíá kíá. Joker fẹ́ kí ikú náà ní àwàdà nínú, kó ní ìbẹ̀rẹ̀, kó ní ibi tí wọ́n á ti pa ẹ̀rín. Ìjà télọ̀ méjì ni, ọ̀kan fẹ́ rán an tán kó gbowó, èkejì ní kò ní jáde lábẹ́ ọwọ́ òun láìdáa. Mo fẹ́ràn èyí gan-an ni.

Ká wá bọ́ sórí tìẹ. O kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọ̀gá Mítà fẹ́ jọba lórí Àbújá. Pa á rẹ́. Gbogbo bọ́ọ̀sì ló fẹ́ jọba. Ó ń fa iná sára, ó dáa, kí ló fẹ́ fi ṣe? Tèmi ni pé ó fẹ́ tà á. Ó fẹ́ kí gbogbo ilé láti Kubwa dé Lugbe máa wá ra iná lọ́wọ́ òun nìkan, kí wọ́n máa tò, kí wọ́n máa pè é lọ́gà. Sarkin Dare ńkọ́? Òkùnkùn ni ìtẹ́ ẹ̀, kò fẹ́ kí gílóòbù kan ṣoṣo tàn mọ́. Wò ó dáadáa báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun kan náà làwọn méjèèjì ń wá, kí iná lọ. Ọjọ́ kẹrin, ẹnì kan fẹ́ tan án padà kó lè bẹ̀rẹ̀ ọjà, ẹnì kejì ò ní gbà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ti sọ wọ́n lórúkọ lẹ ti ní ìjà yín, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ìjà ojú ewé kẹta yẹn, ojú ewé kẹrìnlélógún ló yẹ kó wà.

Kí wọ́n tó débẹ̀, jẹ́ kí wọ́n nílò ara wọn débi tí ò ní rọrùn láti tú. Ìlà iná ńlá kan ń ti Shiroro ní Ìpínlẹ̀ Niger bọ̀ wá sí ibùdó iná tó wà ní Katampe. Jẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ. Ọ̀gá Mítà lè fa gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti yó, á máa tàn yòò bí iná pápá ìṣeré, sójà á rí i láti òkèèrè, ó nílò òkùnkùn Sarkin láti fi bò ó. Sarkin náà ò lè sún mọ́ ibùdó náà torí gbogbo ibẹ̀ ló mọ́lẹ̀ kedere, àfi kí Mítà kọ́kọ́ fa iná yẹn ná. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Wàyí o, bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Mítà ti yó, ó ń tàn, ìmọ́lẹ̀ ara ẹ̀ ń jó Sarkin bí epo gbígbóná, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ kí òkùnkùn lè bò wọ́n. Ronú sí pánẹ́ẹ̀lì yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Sarkin ń forí tì í, Mítà ń wò ó, ó sì ń rántí ohun tó rí. Ìyẹn dáa ju ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ ogún lọ.

Ìkíni wọn ńkọ́? Ẹ fi ohun tó dùn jù sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni Mítà, àgbàlagbà ni, ó ń retí "ẹ". Ọba ni Sarkin lójú ara ẹ̀, "Ranka ya daɗe" ló ń retí, kéèyàn sì bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Mítà wọlé, ó ní "Àbókí, báwo ni." Ọ̀rẹ́ ni àbókí lédè wọn, kò sí èébú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà tó ò ń gbé Kubwa mọ bí àwa ará gúúsù ṣe máa ń pè é mọ́ mai-ruwa tó ń gbé omi wá fún wa. Sarkin gbọ́ ọ. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó wá dá a lóhùn pé "O káàbọ̀", "o" yẹn, o máa rí i pé Mítà náà gbọ́ ọ. Wọ́n ti bu ara wọn, ìjà ò tíì sí, òǹkàwé tó bá mọ àṣà méjèèjì á ti máa yọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Amẹ́ríkà ò ní irú èyí lédè wọn, "you" kan ni wọ́n ń pe gbogbo èèyàn, àwa ní in lọ́fẹ̀ẹ́ a ò lò ó.

O lè ní ṣé kò sí àwọn aṣebi tó ń jọ ṣiṣẹ́ tí ò tú ká ni? Wọ́n wà. Àwọn Rogues tó ń bá Flash, àkítọ̀ DC tó ń sáré bí mànàmáná, jà, Captain Cold ni olórí wọn, wọ́n ti pẹ́ pọ̀ torí wọ́n ní òfin, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ pa Flash. Nígbà tí ọmọ kan tó ń jẹ́ Inertia wá tì wọ́n débi tí wọ́n fi pa Bart Allen tó jẹ́ Flash nígbà yẹn, lọ́dún 2007, wọn ò yọ̀, Inertia gan-an ni wọ́n wá lọ bá lọ́dún tó tẹ̀ lé e láti gbẹ̀san. Ìmùlẹ̀ ni wọ́n ní. Tìẹ ò ní ìmùlẹ̀, àlejò ni wọ́n síra wọn, nítorí náà má fi ìwà àwọn Rogues wọ̀ wọ́n. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rín lẹ fẹ́, ẹ ka The Superior Foes of Spider-Man tí Marvel gbé jáde láti 2013, Nick Spencer kọ ọ́, Steve Lieber yà á, Boomerang ló ń ṣe olórí àwọn jàǹdùkú kan tó sì ń purọ́ fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn ti pa mí lẹ́rìn-ín débi tí mo fi da tíì sórí tábìlì.

Ó wá ku ti ọ̀rẹ́ ẹ, mo sì rò pé òun gan-an ni ìbéèrè ẹ. Ó ní bọ́ọ̀sì tòun ò lè gbọ́ràn sí tìẹ lẹ́nu. Àbúrò, kì í ṣe Sarkin Dare ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀rù ń bà á pé wàá sọ ọmọ òun di ọmọ ọ̀dọ̀, kò sì burú, ẹ̀rù yẹn ti da àwọn tó jù yín lọ láàmú. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè, DC àti Marvel fẹ́ kó Justice League, ẹgbẹ́ àwọn àkítọ̀ DC, àti Avengers, ti Marvel, pọ̀, George Pérez ti ya àwọn ojú ewé kan sílẹ̀, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ méjèèjì wá ń bá ara wọn fà á lórí ìtàn náà títí ó fi kú. Ọdún 2003 ló tó jáde, Kurt Busiek ló kọ ọ́, Pérez náà ló yà á. Ogún ọdún! Ọmọ tí wọ́n bí nígbà yẹn ti ń gbé irùngbọ̀n.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn tó ń jọ kọ ìwé ṣe ni pé kí kálukú wá ìwé kan, kó kọ ohun mẹ́ta tí bọ́ọ̀sì tiẹ̀ ò ní ṣe láéláé àti ohun kan tí ò lè fara dà lọ́wọ́ ẹlòmíì, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ìwé yẹn. Lẹ́yìn náà, ìwọ ni kó o kọ ọ̀rọ̀ Sarkin níbi tí Sarkin bá ti borí, òun ni kó kọ ọ̀rọ̀ Mítà níbi tí Mítà bá ti borí. Wàá rí i pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíì ni tiẹ̀ wà. Sarkin ò sì nílò láti gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ta lọ̀gá kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ jẹ́ kí kálukú rò pé òun lòun ń lo èkejì. Luthor àti Octopus náà ò yan ọ̀gá.

Àwọn àkítọ̀ yín náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn dúró kí bọ́ọ̀sì jà tán kí wọ́n wá kó wọn bí ẹní kó ìdọ̀tí. Nínú ìwé yín báyìí, ọmọbìnrin Kubwa yẹn àti akẹgbẹ́ ẹ̀ láti Kaduna kàn dé nígbà tí gbogbo ẹ̀ ti parí. Àwọn ló yẹ kó wá èèwọ̀ yẹn rí. Spider-Man ò fi ẹ̀ṣẹ́ yí Octopus lọ́kàn padà, ó bá a sọ̀rọ̀ ni. Jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé Sarkin ń ṣẹ́jú bí Mítà bá sún mọ́ ọn, kó wá lọ bi Sarkin ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀yin ọba òru, nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná yẹn, ibo lẹ ó máa gbé?" Kó béèrè é pẹ̀lú "ẹ" o, òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa bọ̀wọ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀ ìwé.

Ó ku ohun kékeré kan, torí kíkọ ọ̀rọ̀ sínú àwòrán kọ́míìkì niṣẹ́ mi gan-an, ojú mi ò lè fò ó. Lójú ewé kọkànlá ẹ kọ "daɗe" láìsí ìwọ̀ lórí d kejì yẹn, ẹ sì kọ Ọ̀gá láìsí àmì kankan, ó di "Oga". Fóǹtì yín ni ò ní in. Ẹ wá èyí tó ní ɗ àti ƙ ti Hausa, tó sì ní ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì ohùn lórí wọn, kẹ́ ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ sójú ewé kan ná kẹ́ ẹ wò ó lórí fóònù àti lórí bébà kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ojú ewé kẹrìnlélógún tuntun yẹn, fi ránṣẹ́ sí mi tó o bá ti yà á, pẹ́ńsù nìkan náà ti tó.